Gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè: omi àti irinṣẹ́ jọ ń dáàbò bo ìlera ni

Eré ìdárayá tó ń ṣe ara lóore púpọ̀ ni gígun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí òkè. Ó ń mú kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń fún iṣan ẹsẹ̀ lágbára, kì í sì í ni orúnkún lára tó eré sísá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà orí òkè yàtọ̀ sí ọ̀nà ìgboro. Kò sí fọkanáísà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń kiri omi inú ọ̀rá, ọkọ̀ tó lè gbé ènìyàn padà sílé kì í sì í sábà débẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí agunkẹ̀kẹ́ bá dì sínú àpò rẹ̀ kí ó tó jáde nílé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Agbègbè Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ìlú náà fi bíi 1,200 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, ṣóńṣó àwọn òkè Shere tó wà nítòsí rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi 1,800 mítà. Ojú ọjọ́ tútù ibẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa òógùn gbẹ lára kí ó tó hàn síta. Agunkẹ̀kẹ́ a rò pé òun kò làágùn, bẹ́ẹ̀ omi ara rẹ̀ ń dínkù.

Ìwọ̀n omi tó yẹ

Ẹni tó ń fi agbára gun òkè lè pàdánù ìdajì lítà omi sí lítà kan láàárín wákàtí kan. Bí oòrùn bá mú gan-an, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iye wákàtí ni ó yẹ kí a fi ṣírò omi, kì í ṣe iye kìlómítà. Kìlómítà mẹ́wàá tó rọrùn lójú ọ̀dà lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta àkókò náà lórí àpáta àti iyanrìn. Ẹni tí yóò lo wákàtí mẹ́ta yẹ kó gbé lítà méjì sí mẹ́ta dání. Kìlógíráàmù kan ni lítà kọ̀ọ̀kan wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń fúyẹ́ bí a ti ń lọ ni.

Omi inú ọ̀rá kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá ti já a lẹ́nu, kò ṣe é dé mọ́, irinṣẹ́ inú àpò sì lè bẹ́ ẹ. Ó sàn kí a dà á sínú ìgò tó ní ọmọrí kí a tó jáde.

Àwọn mìíràn ń lo àpò omi tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, èyí tó ní ọ̀pá rọ́bà tínrín tí a fi ń fa omi mu láì dúró. Inú ohun èlò ìwòsàn ni èrò yìí ti wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Michael Eidson, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ń múra fún ìrìn kẹ̀kẹ́ Hotter'N Hell Hundred, tí wọ́n ń ṣe nínú ooru líle ní Wichita Falls, ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ó rọ omi sínú ọ̀rá tí a fi ń fa omi síni lára nílé ìwòsàn, ó kì í sínú ìbọ̀sẹ̀, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni CamelBak ti jáde. Ẹni tó bá ń lo irú àpò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́, kó sì máa sá a gbẹ, kí èbu má baà hù nínú rẹ̀.

Àmujù omi náà léwu, nítorí ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sáré ìje Boston ní ọdún 2002 wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 13 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Kí a máa mu díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ wá ló dára, kí a sì jẹ ohun tó ní iyọ̀ díẹ̀, bíi ẹ̀pà oníyọ̀, bí ìrìn náà bá gùn.

Irinṣẹ́ ń pa omi mọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé táyà tó jò lè sọ omi di ọ̀wọ́n. Ẹni tí táyà rẹ̀ jò ní kìlómítà mẹ́wàá sí abúlé, tí kò sì ní irinṣẹ́, yóò ti kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn. Omi tó gbé fún ìrìn kúkúrú kò ní í tó o mọ́. Ẹni tó ní túùbù àti pọ́ǹpù lè máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ni túùbù tuntun kan tó bá táyà mu, páàṣì àti gúlúù, irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi ń ṣí táyà, pọ́ǹpù kékeré, àwọn irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì, àti irin tí a fi ń tú ṣéènì tó já kí a lè tún un so. Kí a tó fi túùbù tuntun sí i, kí a rọra fọwọ́ wá ẹ̀gún inú táyà, nítorí ẹ̀gún kan náà lè lu èyí tuntun. Gúlúù tí a ti ṣí tẹ́lẹ̀ máa ń gbẹ, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Kò dára kí irin líle fara ti ọ̀pá ẹ̀yìn nínú àpò, nítorí ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ṣubú lè fara pa gan-an. Aṣọ tàbí àpò omi ni kó wà láàárín wọn.

Àmì ewu

Ìtọ̀ tó pọ́n, orí fífọ́ àti òòyì jẹ́ àmì pé omi ara ti dínkù. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ooru ti ń ṣe é ní jàǹbá nìyẹn. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe da omi sẹ́nu ẹni tó ti dákú.

Omi inú ìgò náà ni a ó fi fọ egbò bí ènìyàn bá ṣubú. Báńdéèjì mímọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú àpò, ẹni tó bá sì fara gbọgbẹ́ yẹ kó béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Kí fóònù ní iná tó pọ̀, kí ará ilé sì mọ ọ̀nà tí a gbà àti àkókò tí a ó padà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àpò tí a fara balẹ̀ dì nílé lè gba ẹ̀mí là lórí òkè.