Wèrè ọtí: ọjọ́ kẹta ló yẹ ká máa ṣọ́

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà la fi ń mu omi, mu ọtí, mu sìgá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀ fún ẹnìkan, a máa ń yí gbólóhùn náà po: ẹni tó jẹ́ olùwà á di àbọ̀, ọtí á di olùwà. "Ọtí ló ń mu ún báyìí." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí, nítorí òtítọ́ ìṣègùn wà nínú rẹ̀. Ibi tí èdè ti já wa kulẹ̀ ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá mímu, tí onítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àpò kan ṣoṣo la máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí: ó ti ya wèrè, ó ti sínwín, wọ́n ti ṣe é. Àpò yẹn ń pa ènìyàn, kì í sì í ṣe àsọdùn.

Èmi kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà èdè ni mí. Ṣùgbọ́n mo pẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà lára àwọn tí a jọ ń ṣeré, mo sì máa ń da ìbéèrè bò wọ́n. Nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pàápàá, ó ju ẹnìkan lọ tó ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ àbúrò tàbí bàbá tí ọtí dà lórí rú. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lórí fóònù ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí.

Ohun àkọ́kọ́ rèé: wèrè tó léwu jù nínú èyí tí ọtí ń fà, kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ń mu ún ló ń dé. Ìgbà tó bá dáwọ́ dúró lójijì ló ń dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀kùn ṣàlàyé. Ọtí máa ń tẹ iṣẹ́ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń dẹ ẹni tó mu ún, tí oorun fi ń kùn ún. Bí ó bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ kò ní káwọ́ gbera. Á máa tì padà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń ti ilẹ̀kùn láti ìta, tí onílé fi èjìká tì í láti inú. Nígbà tí agbára wọn bá dọ́gba, ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé ilẹ̀kùn náà dúró jẹ́ẹ́ ni. Ṣé ẹ rí i, ọ̀mùtí tí à ń sọ pé "kì í yó" nìyẹn. Wàyí o, kí ẹni ìta fò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà: ilẹ̀kùn á ṣí gbàgà, onílé á sì já síta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ ẹni tí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Agbára tó ti ń lò láti ọdún yìí wá kò rí ohun tí yóò dá a dúró mọ́.

Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa já, oorun á kọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e, kódà bí kò bá ní wárápá rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ju èyí lọ fún. Ṣùgbọ́n lára àwọn díẹ̀, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, onítọ̀hún kò ní mọ ọjọ́, kò ní mọ ibi tó wà, á sì máa rí eku, kòkòrò àti ejò níbi tí kò sí nǹkankan. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Sutton, ló sọ ọ́ ní delirium tremens ní 1813. Látìnì ni. Ìtumọ̀ delirare ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tó ń túlẹ̀ yà kúrò nínú poro. Tremens ni ẹni tó ń gbọ̀n. (Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi, ẹ má so yà yìí pọ̀ mọ́ ya inú "ya wèrè" o, ohùn wọn kò dọ́gba.) Láyé ìgbà tí kò sí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ló ń bá a lọ. Lónìí, bí wọ́n bá tètè dé ilé ìwòsàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kú.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ọmọkùnrin kan ti ń mutí láti ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ìdílé ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, tàbí sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kó má baà sá, wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kan náà ni ọtí dúró, oúnjẹ dúró, omi dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń ké pé ejò ń gun òun lẹ́sẹ̀. Kí làwọn èèyàn máa sọ? Wọ́n á ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jà kó tó jáde, wọ́n á sì fi ọjọ́ kún ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ omi, oúnjẹ àti oògùn ni ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ní wákàtí yẹn.

Bí kò bá kú, tó bá fi di bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkeje, orí rẹ̀ sábà máa ń padà sípò, nítorí ìrànrán yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lára ẹni tó bá là á já. Ìjẹ́rìí á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yè á di ẹ̀rí, ẹni tó kú á di ẹni tí wọ́n gbé dé pẹ́. Mi ò bá àdúrà jà o. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù gba pásítọ̀, ó gba àlùfáà. Ohun tí mò ń bá jà ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti òùngbẹ. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibi ìtọ́jú 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá ènìyàn nínú ìdè lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí, kódà ní ibi tó jẹ́ ti ìjọba. Kò sí ẹ̀sìn tó lè nawọ́ sí èkejì.

Ilé àdúrà nìkan kọ́ sì ni ọjọ́ kẹta ti ń dé. Ó ń dé ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá. Ó ń dé nígbà Ramadan, bí ẹni tó ń mutí ní bòókẹ́lẹ́ bá fi tipátipá jáwọ́. Ó ń dé ní wọ́ọ̀dù ọsibítù: ọlọ́kadà fẹsẹ̀ ṣẹ́, wọ́n gbé e wọlé lọ́jọ́ Ajé, kò rí ọtí mu, tó bá di Ọjọ́rú ó ń rí àwọn ẹlẹ́wù funfun tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ẹbí á ní òkú pọ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn, ká gbé e lọ sílé. Ẹ má gbé e!

Irú kejì yàtọ̀ sí èyí. Onítọ̀hún mọ ọjọ́, ó mọ orúkọ yín, ó mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn. Ohùn náà sábà máa ń bú u, á máa halẹ̀ mọ́ ọn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mutí, tàbí láìpẹ́ tó dáwọ́ dúró. Bí ó bá jáwọ́ tán, ohùn náà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá lé ní oṣù kan tí kò tíì lọ, dókítà á wò ó bóyá àìsàn ọpọlọ mìíràn ló wà nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn kì í gbọ́ ohùn rárá, ìyàwó rẹ̀ ló gbà lọ́kàn pé ó ń yan àlè, kò sì sí ẹ̀rí tí yóò yí i lọ́kàn padà. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àwàdà. Ìyàwó gbọ́dọ̀ kúrò ní sàkání rẹ̀ títí ìtọ́jú yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló mú èmi onímọ̀ èdè lọ́kàn jù. Ẹni tí ọtí ti di oúnjẹ fún kì í ní fítámì B1 tó lára. Ní 1881, Carl Wernicke ní ilẹ̀ Jámánì ṣàpèjúwe ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá: ojú tí kò lè yí dáadáa, ẹsẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, iyè tó dàrú. Ní 1887, Sergei Korsakoff ní Rọ́ṣíà kọ nípa ibi tó máa ń já sí bí a kò bá tọ́jú rẹ̀: iyè tí kò lè di ọ̀rọ̀ tuntun mú mọ́. Ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Á ní àmàlà ni, ní ilé Ìyá Báyìí-báyìí, á dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ jẹun. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. A ó ní òpùrọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ o. Irọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ òótọ́ tó sì fi pamọ́. Ẹni yìí kò mọ̀ pé òun ń hun ìtàn dí àlàfo. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, n kò rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí abẹ́rẹ́ B1 bá tètè dé nígbà ti Wernicke, ó lè dá ọwọ́ ti Korsakoff dúró. Bí ó bá pẹ́, èyí tó lọ nínú iyè lè má padà.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù? Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí pé kì í ṣe ṣúgà tó wálẹ̀ lára, tàbí orí tó fi gbá nígbà tó ṣubú, tàbí ibà tó wọ ọpọlọ. Wọ́n á wá fún un ní diazepam tàbí irú rẹ̀. Oògùn yìí ló ń gba ipò ẹni ìta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí onílé á fi lè sinmi. Ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì, nítorí òun náà máa ń di bárakú, àti pé òun pẹ̀lú ọtí lè pa èémí. B1 gbọ́dọ̀ ṣáájú dírípù ṣúgà, torí ṣúgà á jẹ ìwọ̀nba B1 tó kù tán. Fún àwọn ohùn, haloperidol wà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí ó lè ṣínà fún gìrì. Ẹ ó bi mí léèrè asofẹ́yẹjẹ. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa fi tọ́jú wèrè, oògùn òyìnbó kan tilẹ̀ ti ìdílé igi yìí jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wèrè ni wèrè kan náà: ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òun náà sì lè ṣínà fún gìrì. Kì í ṣe ohun tí a ń fún ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹta.

Àwa tí a wà ní Ìpetumodù kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Àrò ní Abẹ́òkúta náà wà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé ìtòsí, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ, tí ẹbí kan sì ń bá wọn gbé. Mo rò pé ohun tó wúlò jù fún ọ̀mùtí nìyẹn, ju oògùn lọ pàápàá, lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti kọjá. Oògùn tó ń dín òùngbẹ ọtí kù wà, naltrexone jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ló ṣòro láti rí rà. Bí ó bá padà sídìí ìgò tó sì tún já a lójijì, èyí tó ń bọ̀ lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń gbé e lọ lọ́la.

Bí ẹ bá débẹ̀, dókítà á bi yín pé, "Ìgbà wo ló mutí gbẹ̀yìn?" Ibi tí èdè tún ti ń já wa kulẹ̀ nìyí. "Bàbá wa kì í mutí o. Agbo ni wọ́n ń mu." Ọtí, lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ni bíà àti ẹmu. Páraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tó jẹ́ egbò àti èèpo igi nínú ògógóró, agbo ló ń jẹ́. Ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì, tí NAFDAC fòfin dè ní oṣù Kejì 2024 kí ìjọba tó tún sún un síwájú, "nǹkan kékeré" ló ń jẹ́. Ẹni tó ń mu ife agbo mẹ́ta lójúmọ́ láti ọdún márùn-ún lè wọ ọjọ́ kẹta bí ẹni tó ń mu ògógóró gan-an. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìbéèrè dókítà. Nílé ni kí ẹ ti bi ìyàwó rẹ̀, kí ẹ bi ọmọ tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́: kí ni wọ́n ń mu láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ìgbà wo ni wọ́n sì mu ún gbẹ̀yìn? Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí náà sórí pépà, kí ẹ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá kọ́kọ́ bá.