Ọṣẹ, Ìpara, Tìróò àti Káńfọ̀: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Aboyún Bẹ̀rù?

 

Ìbéèrè kan ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ ilé-kéwú wa, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan wá bá wa. Gbogbo ohun tí ó fi ń wẹ̀ àti ohun tí ó fi ń para ni ó kó sínú rẹ̀. Ó ní àwọn kan sọ fún òun pé ọṣẹ ìfọyín ń pa ọmọ inú lára, àwọn mìíràn ní ọṣẹ ìwẹ̀ ni, àwọn mìíràn sì ní òórùn ọṣẹ tí a fi ń fọṣọ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń fi omi lásán yọ ẹnu. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí a tú àpò náà, ọ̀rọ̀ yà wá lẹ́nu. Ọṣẹ ìfọyín tí ó ń sá fún kò ní láburú kankan. Ṣùgbọ́n ìpara kan wà níbẹ̀ nínú ike tí kò ní orúkọ, èyí tí wọ́n bá a pò ní ọjà. Tìróò wà níbẹ̀. Káńfọ̀ tí ó rà sílẹ̀ fún aṣọ ọmọ náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni kò bi wá léèrè rárá. Ohun tí kò léwu ni ó ń bẹ̀rù, ohun tí ó léwu sì ni ó gbà mọ́ra. A mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìgándò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ó BA ABOYÚN LẸ́RÙ

Ọṣẹ ìwẹ̀ lásán, ọṣẹ dúdú tí a fi eérú àti epo sè láìfi nǹkan mìíràn sí i, òrí, àdín àti òróró àgbọn kò ní ìpalára fún oyún. Awọ ara dà bí ògiri: ọṣẹ tí a fi wẹ̀ tí a sì ṣàn dànù kì í ráyè wọlé tó láti dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ti ọṣẹ ìfọyín, pípa á tì ni ó léwu. Nígbà oyún, èrìgì a máa wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá fọ eyín dáadáa nígbà náà ń pe àrùn sí ẹnu ara rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ sì tu ìfófòó rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó ń rin orín kò ṣàṣìṣe pẹ̀lú.

ÈKÍNÍ: ÌPARA ÀTI ỌṢẸ ABÓRA

Nígbà tí oyún bá dé, ojú ẹlòmíràn a máa dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí. Oyún ni ó fà á, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ṣùgbọ́n dúdú yìí ni ó ń lé ọ̀pọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń po ìpara. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé bí ìyá bá bóra, ọmọ yóò pupa. Irọ́ ni. Ohun tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá ni ó ń pinnu àwọ̀ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀: mẹ́kúrì, hydroquinone, àti oògùn líle tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, bí irú clobetasol. Mẹ́kúrì ni ó burú jù. Òtítọ́ ni pé ó ń dá ohun tí ń mú ara dúdú lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró sí ojú awọ. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń gba ibi ọmọ kọjá lọ bá ọmọ nínú, ó sì ń bá omi ọmú jáde. Láti 1972 ni àwọn dókítà ní ìlú Nairobi ti kọ ìròyìn nípa àwọn obìnrin tí ìpara mẹ́kúrì ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọṣẹ abóra tí ó ní mẹ́kúrì a máa ní mercuric iodide, èròjà tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, tó ìdá 1 sí ìdá 3 nínú 100. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013, tí Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní 2018, sọ pé lẹ́yìn 2020 ìpara kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kílò kan. Ìdá 1 nínú 100 jẹ́ gíráàmù 10 nínú kílò, èyí ni mílígíráàmù 10,000. Bí mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ apá kan péré nínú èyí, ọṣẹ tí ó kéré jù nínú wọn fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ohun tí òfin gbà lọ! Ní 2023 ni wọ́n tún pinnu pé kò gbọdọ̀ sí nínú ìpara kankan mọ́ rárá láti 2025.

Ní ti sítẹ́rọ́ìdì, àwọn oníwádìí yẹ àwọn aboyún 99 wò ní Dakar, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2007. Àwọn 68 nínú wọn ń bóra lórí oyún náà. Àwọn tí ń lo sítẹ́rọ́ìdì líle ni ibi ọmọ wọn kéré, àwọn ni wọ́n sì bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n jù. Ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n nígbà ìbí, ó rọrùn fún àìsàn láti gbé e ṣubú.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni èyí. Mẹ́kúrì tí ìyá fi para a máa lẹ̀ mọ́ tówẹ́ẹ̀lì, ìrọ̀rí àti aṣọ ibùsùn, àwọn ọmọ yòókù sì ń fara kàn án. Bákan náà, ọkọ tí ó ń yin aya nítorí pé ó pupa ni ó ń rán an lọ sí ìsọ̀ onípara.

ÈKEJÌ: TÌRÓÒ

Tìróò kì í ṣe àjèjì láàárín àwa Mùsùlùmí. Lílé e sójú jẹ́ àṣà àtijọ́, òkúta ithmid sì ni àwọn Alfa wa máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀. A kò bá àṣà náà jà. Ohun tí à ń sọ ni pé ohun tí ń jẹ́ tìróò ní ọjà lónìí lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Òkúta òjé, tí ó dúdú tí ó sì ń dán, ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ kúnná tà. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n wá ibi tí òjé náà ti wọlé, kí wọ́n tó rí i pé tìróò tí a rà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sójú ọmọ náà, ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tí ó jẹ́ òjé. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú lílé e, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀.

Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní kékeré tí kò léwu. Gbogbo wa ni a gbọ́ ti Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa àwọn ọmọdé tí wọ́n ju 400 lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ilé-kéwú wa, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Òjé a máa sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, egungun rẹ̀ a máa tú díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ bá ọmọ. Tìróò tí ẹ bá lé lónìí lè dúró de ọmọ tí ẹ ó bí lọ́la.

ÈKẸTA: KÁŃFỌ̀ ÀTI MẸ́ŃTỌ́Ọ̀LÙ

Bí oyún bá ti ń dàgbà, ìyá a bẹ̀rẹ̀ sí ra aṣọ ọmọ, a sì ju káńfọ̀ sí àárín rẹ̀ kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ní Nàìjíríà ni a bí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun kan tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ohun náà ni ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá mí òórùn káńfọ̀ sínú, tàbí tí aṣọ náà kan ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa fọ́, ojú àti ara rẹ̀ a sì pọ́n bí ìyeyè. Bí pípọ́n náà bá pọ̀ jù, ó lè dé ọpọlọ, kí ó pa ọmọ, tàbí kí ó sọ ọ́ di adití, tàbí kí ó má lè rìn láéláé.

Mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Ní 1980, Dókítà S. A. Olowe àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di Mínísítà Ìlera lẹ́yìn náà, tẹ ìwádìí jáde lórí ewu mẹ́ńtọ́ọ̀lù fún irú àwọn ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi páúdà tàbí ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí ara tàbí sí ìwọ́ ọmọ tuntun. Ẹ̀yin aboyún tí òórùn káńfọ̀ ń wù, tí ẹ ń fín in símú tàbí tí ẹ ń lá a, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

1. Ẹ má ra ìpara tí a pò sínú ike tí kò ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC. Láti 1993 ni a ti dá àjọ náà sílẹ̀ láti máa yẹ irú nǹkan wọ̀nyí wò.

2. Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí mercury, mercurio, calomel, mercuric iodide tàbí Hg, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ìpara náà má ṣe kan wúrà, fàdákà tàbí ohun ọ̀ṣọ́, àmì mẹ́kúrì ni. Ohun tí ń ba wúrà jẹ́, kí ni yóò ṣe lára ọmọ?

3. Ẹ má lé tìróò ọjà sójú aboyún tàbí ojú ọmọ ọwọ́.

4. Aṣọ ọmọ tí ó ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán. Ike tí ó ní ìdérí ti tó láti lé aáyán.

5. Ẹni tí ó ti ń bóra tipẹ́, kí ó má bẹ̀rù, kí ó má sì fi pamọ́. Kí ó kó ìpara náà dání lọ sí ibi tí ó ti ń gba ìtọ́jú aboyún, ì báà ṣe ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò tàbí èyí tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, dókítà ni yóò sọ bí yóò ṣe fi í sílẹ̀.

6. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, ẹ má ṣe gbé e sóòrùn lásán, ẹ má sì fún un ní àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá ọmọ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé ọṣẹ ìwẹ̀ rẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín rẹ̀ padà sílé. Ìpara nìkan ni ó kó dání lọ fún nọ́ọ̀sì, ó fi tìróò àti káńfọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí a sọ fún un ni a kọ sílẹ̀ fún gbogbo yín yìí. Àmánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa, títọ́jú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ayé. Kí Ọlọ́hun sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, kí ó sì fi àlùbáríkà sí ọmọ wọn. Àmín.