Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Rí Àpọ́íńtìmẹ́ǹtì Yín Lókè Ojú Kọ̀ǹpútà Linux

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ yòókù tó ń lo kọ̀ǹpútà Ubuntu níbi iṣẹ́, tí àpọ́íńtìmẹ́ǹtì wọn sì wà lórí Google Calendar. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń yọ fóònù jáde nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ aago tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago tó wà lókè kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì lè sọ ọ́ fún yín. Kò náni lówó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì máa ń ṣe ètò rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa wò

Ìlà gbọọrọ kan wà tó gba òkè ojú kọ̀ǹpútà láti igun kan dé èkejì. Òun ni pánẹ̀lì. Ọjọ́ àti aago wà láàárín rẹ̀ gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kàlẹ́ńdà oṣù náà yóò sì ṣí sílẹ̀. Ìfitónilétí máa ń wà lápá òsì. Kàlẹ́ńdà wà lápá ọ̀tún, àpọ́íńtìmẹ́ǹtì ọjọ́ náà á sì tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì kékeré kan lábẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tẹ ọjọ́ náà kí ẹ lè rí i. Bí ẹ kò bá tíì so àkáǹtì yín mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa so ó

Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Online Accounts, kí ẹ sì mú Google. Ojú ìwé Google fúnra rẹ̀ ni yóò yọ síta. Ibẹ̀ ni ẹ máa kọ ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù yín sí. Google yóò wá béèrè bóyá ẹ gbà kí GNOME máa wo àkáǹtì yín. Kí ẹ̀rù má bà yín: GNOME ni ètò tó ń gbé pánẹ̀lì, aago àti àwọn fèrèsé orí Ubuntu jáde.

Ẹ fara balẹ̀ níbi tó kàn yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá. Tí ẹ bá wọlé tán, wọn yóò to Mail, Calendar, Contacts àti Files síwájú yín, gbogbo wọn á sì ti wà ní títàn. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ fi Calendar nìkan sílẹ̀. Kí ni ímeèlì ilé yín ń wá lórí kọ̀ǹpútà tí ẹni mẹ́ta ń lò?

Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tẹ aago. Bí ohunkóhun kò bá hàn, ẹ ṣí ètò tó ń jẹ́ Calendar, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi àmì sí kàlẹ́ńdà yín níbẹ̀. Èyí tí kò bá ní àmì kì í dé orí pánẹ̀lì.

Ẹ̀dà ni ẹ̀ ń wò

Ohun tó wà lórí pánẹ̀lì jẹ́ ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà bu wá láti ọ̀dọ̀ Google. Bí dátà bá tán, ẹ̀dà náà kò ní pa rẹ́, àmọ́ ohun tí ẹnì kejì yín yí padà láàárọ̀ yìí kò ní sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ má ṣe torí pánẹ̀lì nìkan sọ fún aláìsàn pé kì í ṣe òní ni wọ́n dá fún un. Ẹ pe ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹ tún wo ìlú tí wọ́n fi aago kọ̀ǹpútà sí. Ní Settings, Lagos ló yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ London, ohun tí ẹ dá sí agogo 11 ní Nàìjíríà yóò hàn ní agogo 10 nígbà òtútù wọn. Láti òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, aago ìlú méjèèjì máa ń dọ́gba, àṣìṣe náà á sì fara pamọ́. Kí ẹ̀yin tó ń bá mọ̀lẹ́bí tàbí dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàdé má gbàgbé èyí.

Línkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín

Kì í ṣe Google nìkan. Iléèwé tàbí ọ́fíìsì lè fún yín ní línkì kàlẹ́ńdà tó parí sí .ics. iCalendar ni orúkọ ìlànà náà. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2009. Ètò Calendar orí Ubuntu lè gba irú línkì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wíwò nìkan ni, ẹ kò lè fi yí nǹkan padà. Google náà ní línkì ìkọ̀kọ̀ fún kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́wọ́ yín lè ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìsí pásíwọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ má gbé e sórí WhatsApp.

Ẹ̀yin tó ń lo KDE dípò GNOME, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ aago, ẹ wọ ètò rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí PIM Events lábẹ́ Calendar. Bí èyí bá nira, ètò ímeèlì tó ń jẹ́ Thunderbird rọrùn jù. Láti 2020 ni kàlẹ́ńdà ti wà nínú rẹ̀.

Àṣírí aláìsàn

Ìránnilétí máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà láìbéèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn yín. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn pọ̀ mọ́ àìsàn rẹ̀ sí àkọlé àpọ́íńtìmẹ́ǹtì. Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ti tó. Ní Settings, lábẹ́ Notifications, ẹ pa èyí tó ń hàn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní títì.

Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ padà sí Online Accounts kí ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tí nǹkan bá dàrú mọ́ lọ́wọ́, kó fi fóònù ya àwòrán ohun tó rí, kó mú un wá sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. A kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù yín láé. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, ẹ má fún un.