Ìwádìí Kékeré Ọwọ́ Yín Tó Láti Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Anoumabo ní Abidjan, tí ẹ ń sọ Yorùbá nílé, tí ẹ ń fi Faransé kàwé, tí ẹ sì fẹ́ lọ gba doctorat sáyẹ́ǹsì lókè òkun, gbólóhùn kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín: “Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ṣe ìwádìí tó nǹkan.” Oyè ọ̀mọ̀wé ni doctorat yẹn. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀gá télọ̀ kì í bi ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ pé agbádá mélòó ló ti rán. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, bó bá rán an gbòdì, ṣé á tú u, á tún un rán?

Ká ní attiéké ni ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá Master yín. Ẹ mọ magnan, gbágùúdá sísè tí àwọn ìyá wa máa ń gbé kalẹ̀ fún bí ọjọ́ 3 kó lè kan, kí wọ́n tó pò ó mọ́ gbágùúdá tútù tí wọ́n lọ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹ fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láti kékeré, á ṣí i kọjá ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ẹ ń wọn bó ṣe ń kan ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Pé ìwọ̀n ọjọ́ kejì kò bára mu. Pé ẹ wádìí, ẹ rí i pé iná ló lọ lóru tí àpótí amúgbóná tí ẹ gbé e sí fi tutù. Pé ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ tún un ṣe. Ìwádìí nìyẹn. Èmi o, ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ ni mo ti ń mọ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ó ku ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà ẹlẹ́rìí 3 ni wọ́n sábà ń béèrè ní Amẹ́ríkà. Ẹ má sáré tọ olóyè ńlá tí kò mọ̀ yín lọ. Olùkọ́ tó bá yín níbi tí ẹ ti ń fọ ìgò láàárọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀nà ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Faransé àti Jámánì, Master ni wọ́n sábà ń béèrè, ọ̀pọ̀ àyè sì ń jáde bí ìkéde iṣẹ́ olówó oṣù. Amẹ́ríkà máa ń gba ẹni tí oyè àkọ́kọ́ nìkan ló ní pàápàá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oúnjẹ. Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù wọn máa ń parí, nítorí náà ẹ ti oṣù Kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wúwo, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má gbàgbé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, TOEFL tàbí IELTS.

Bí ẹ ò bá tíì wọ yàrá ìwádìí rí, ẹ tọrọ ìkọ́ṣẹ́ kúkúrú, stage tí gbogbo Abidjan mọ̀. Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny wà ní Cocody. Centre Suisse, ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, wà ní Adiopodoumé. Láti Anoumabo, ibẹ̀ jìnnà o: ẹ ó sọdá ọ̀sà, ẹ ó la Yopougon já, ọkọ̀ gbaka á sì lọ̀ yín lára. Ẹ mú ìwé pélébé kan dání. Ohun tí ẹ bá wọ̀n, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, èyí tó bàjẹ́ pàápàá.