Bíìlì tí Mo Kó Pamọ́ sí Bọ́ọ̀tù Mọ́tò

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ kú ìnáwó o. Kì í ṣe ìnáwó ìgbéyàwó tàbí ti ìsọmọlórúkọ ni mò ń kí yín fún, ti gáàsì, iná àti owó ilé ni.

Lọ́dún 2023, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London, alẹ́ ni mo sì máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ níbí láti bí ọdún 41. Owó oṣù tèmi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí bọ́ọ̀tù mọ́tò láìṣí wọn. Ọjọ́ tí ìyàwó mi fẹ́ kó ẹ̀fọ́ àti ẹran tó rà ní Peckham síbẹ̀ ló rí wọn.

"Bàbá Ìbejì, kí lèyí?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ ò sì rí oorun sùn láti oṣù mẹ́ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ilé ká ṣí i."

A tú lẹ́tà náà sórí tábìlì. Àṣìṣe mi wá hàn: ẹni tó bá pariwo jù ni mò ń san owó fún. Àwọn oní-kírẹ́díìtì káàdì ń pè mí ní àràárọ̀ tí mo bá fẹ́ sùn, mo ń san tiwọn. Èsúsú £200 lóṣù, mi ò jẹ́ fẹ́ kí ojú tì mí láàárín àwọn èèyàn wa, mo ń dá a. Council tax, tí kò pè mí rí lórí fóònù, ni mo pa tì. Bẹ́ẹ̀, òun ló léyín jù.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. £150 ni tiwa lóṣù, ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí láti oṣù kẹrin. Mo san ti oṣù kẹrin, mi ò san ti oṣù karùn-ún. Lẹ́tà ìrántí wá, ó fún mi ní ọjọ́ méje. Inú bọ́ọ̀tù ni lẹ́tà yẹn wà. Nígbà tí ọjọ́ yẹn kọjá, àǹfààní àtimáa san díẹ̀díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n kó £1,350 tó kù wá lódidi. Ti ilé ẹjọ́ ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú owó ẹjọ́ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bailiff tó ń kanlẹ̀kùn ló kù. Àwọn oníkáàdì tó ń pariwo yẹn, wọn ò lè fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n mi láìkọ́kọ́ gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Nítorí náà, owó ilé, council tax, gáàsì àti iná ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Káàdì á dúró. Bó bá fẹ́ pariwo, kó pariwo.

Ọ̀rọ̀ gáàsì náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé gbèdéke tí Ofgem fi lé owó iná láti oṣù kìíní ọdún 2019 túmọ̀ sí pé bíìlì ò lè kọjá iye kan. Rárá o. Iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti owó ojoojúmọ́ ni wọ́n fi gbèdéke lé, bẹ́ ẹ bá ṣe lò ó tó lẹ ó ṣe san tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rọ owó sí mítà, ẹ ṣọ́ra. Mo pa gáàsì nígbà ooru, mi ò rọ owó sí i, mo rò pé mò ń ṣọ́wó ná. Àṣé owó ojoojúmọ́ ń gorí ara wọn. Nígbà tí òtútù dé, tí mo rọ £20 sí i, mítà gbé nínú ẹ̀ mì kí ilé tó gbóná.

Ìyá Ìbejì ló fà mí lọ sí Citizens Advice. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Breathing Space, ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 fún England àti Wales. Bí agbani-nímọ̀ràn lórí gbèsè bá fi yín sínú ẹ̀, fún ọjọ́ 60, ọ̀pọ̀ àwọn tẹ́ ẹ jẹ lówó ò gbọ́dọ̀ fi èlé kún un, wọn ò sì gbọ́dọ̀ rán agbowó sí yín. Gbèsè náà ò parẹ́ o, ẹ ó sì máa san bíìlì tuntun bó ṣe ń dé. Àmọ́ mo sùn.

Àwọn kan ń sá nítorí wọ́n kọ ọ́ sí físà wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ìmọ̀ràn lórí gbèsè ò sí lára ìyẹn. Ẹ̀dínwó council tax tí wọ́n ń fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un kéré ló wà lára ẹ̀, torí náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Ti èsúsú àti ti ilé ló le jù fún mi. Mo pe ìyá tó ń kó èsúsú wa jọ, mo ní tá a bá ti parí ti ọwọ́ yìí, mi ò ní lè bá wọn dá èyí tó ń bọ̀. Mo ti ń retí ìwọ̀sí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ìwọ lẹni kẹrin."

Mo wá pe màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ fún wọn pé £100 tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù á di £60. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ẹ̀ ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀ yẹn?" Láti ọdún 2009 tí mo ti débí, wọn ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, torí èmi náà ò jẹ́ kí wọ́n rí ìdí tí wọ́n á fi béèrè.