Ẹ̀yìn Olobe àti Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìlọrin Mọ̀

Ewé ẹ̀yìnkùlé

Tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì ní Ìlọrin, ẹ̀yìn olobe kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó hù. Á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní Òkelele, á yọ lára ebè iṣu lọ́nà Ẹyẹńkọrin, á yọ nínú àgbàlá tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ní Tanke. Nígbà tí a bá ń roko, a ó fi ọkọ́ gé e dànù. Nígbà tí ibà bá dé, a ó tún máa wá a kiri.

Kì í sábà ga ju orúnkún lọ. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò sí ọ̀tún àti òsì ẹ̀ka. Ẹ yí ẹ̀ka náà padà, ẹ ó rí èso róbótó-róbótó tó so sábẹ́ ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá tín-ín-rín tirẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ewé náà á pa dé. Tílẹ̀ bá mọ́, á là. Ó ní ìbátan kan tó jọ ọ́ gidi, àmọ́ èso tiyẹn lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tímọ́tímọ́, ara èso náà sì rí ṣákiṣàki. Kí ẹni tó fẹ́ ká ewé ṣoògùn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Phyllanthus amarus. Orúkọ yìí wọ ìwé ní 1827, láti ara ewé tí Peter Thonning, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kó ní etí òkun ilẹ̀ tó di Ghana lónìí.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Wọ́n á fà á tu tigbòǹgbò-tewé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi omidùn sè é. Àwọn mìíràn ń mu ún fún àtọ̀gbẹ, inú rírun àti òkúta inú kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin kì í fẹnu kan èyí tí wọ́n bá rẹ sínú ògógóró. Ẹ̀sìn ló fà á, ṣùgbọ́n ó gbe ẹ̀dọ̀ náà, torí ọtí kọ́ ló yẹ ká dà lé ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn lórí.

Ìrètí tó ti Madras wá

Àwọn òyìnbó ò fojú di ewé yìí o. Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976, tó sì wà nídìí àwárí kòkòrò hepatitis B, ọ̀kan nínú ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, wà lára àwọn tó gbé e wọ yàrá ìwádìí. Ní 1988, òun àti S. P. Thyagarajan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde kan láti Madras, ní Íńdíà, jáde nínú ìwé Lancet. Ènìyàn 37 tó ní kòkòrò náà lára ló lo ewé yìí fún 30 ọjọ́, àyẹ̀wò ò sì rí àmì rẹ̀ lára 22 mọ́. Nínú 23 tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ẹnì kan péré ló bọ́.

Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò ní Thailand àti New Zealand, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn ìwádìí náà jọ, wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró pé ewé náà ń wo àrùn yìí.

Kí ló dé tó fi dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó hepatitis B, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń lé e lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Ojú rẹ̀ á mọ́ padà, ì báà mu àgbo, ì báà mu omi lásán. Alágbo ni yóò gba ọpẹ́.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá kó o lára ìyá wọn nígbà ìbí, bíi mẹ́sàn-án ni yóò gbé e dàgbà tí wọn ò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irú wọn lè má ṣàìsàn fún ogún ọdún, kí ẹ̀dọ̀ sì ti máa gbẹ lábẹ́nú, tàbí kó di jẹjẹrẹ. Àwọn wọ̀nyí ni àgbo ń tàn jẹ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Nàìjíríà, bíi mẹ́jọ ló ní kòkòrò yìí.

Yàtọ̀ sí mẹ́dọ̀wú (ìyẹn hepatitis), ibà ẹ̀fọn, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti òkúta inú òróòro lè sọ ojú di pupa rúsúrúsú. Ewé kan ò lè jẹ́ oògùn gbogbo wọn.

Ọmọ tuntun

Tí ojú tàbí ara ọmọ tuntun bá pọ́n, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì fi kàfúrà sáàárín aṣọ rẹ̀. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni, torí ara pípọ́n yìí lè ba ọpọlọ àti etí rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ẹ jọ̀ọ́

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó sọ fún dókítà kó tó mu ẹ̀yìn olobe, nítorí ṣúgà lè já wálẹ̀ jù. Kí aláboyún yẹra fún un. Ẹ má ká èyí tó hù sẹ́bàá gọ́tà tàbí ààtàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn kọlà tàbí dábẹ́ fún ọmọ yín, kó má bàa kó hepatitis B. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ; kí ọmọ gba ti àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i.

Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì mú ọkọ tàbí aya yín dání lọ. Tí wọ́n bá rí kòkòrò náà, oògùn tó ń tẹ̀ ẹ́ rì wà ní ọsibítù.