Kí A Tó Tan Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rẹ́ mi kan pe èmi àti ìyàwó mi pé kí á wá bá òun gbafẹ́ lọ sí Tarkwa Bay nínú ọkọ̀ ojú omi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wà nínú ikùn rẹ̀ lábẹ́ ìdérí, kì í ṣe irú èyí tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. A ti jókòó, àwọn ọmọ ti ń pariwo ayọ̀. Ọ̀rẹ́ mi rọ epo bẹntiróòlù tán, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ni ó wí pé, "Bàbá Délé, ẹ dúró ná. Òórùn epo yìí mà pọ̀ jù!" Nígbà tí a ṣí ìdérí, a rí i pé rọ́bà epo kan ti ya. Bí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni, bóyá ẹlòmíràn ni ìbá máa kọ ojú ewé yìí fún yín lónìí.

Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára epo bẹntiróòlù wúwo tó ìlọ́po 3 sí 4 afẹ́fẹ́ tí a ń mí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ. Bí epo bá ń jò lára mọ́tò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a bọ́ sí ilẹ̀, atẹ́gùn a sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n igbá ni ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ó bá dà sínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò dúró sí. Bí ó bá tó 2 péré nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná bíńtín tó láti mú un bú gbàmù. (Gáàsì tí a fi ń dáná nílé náà ń wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí a ti ń tan iná.)

Nígbà tí ẹ bá ń rọ epo, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ti gbogbo ilẹ̀kùn àti ìdérí. Bí ẹ bá rọ ọ́ tán, ẹ ṣí wọn gbayawu, kí ẹ tan fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí a kọ ìṣẹ́jú 4 yìí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń tan ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnu rọ́bà fáànù náà sún mọ́ ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má rì sínú omi tí ó máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ má sì fi fáànù ilé ṣe é o, nítorí iná lè ta nínú rẹ̀. Ti ọkọ̀ ni a ṣe ní àkànṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi imú ara yín gbọ́ ọ. Bí òórùn bá ṣẹ́kù, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ibi tí epo ti ń jò.

Fáànù yìí kò gbà wá lọ́wọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì. Májèlé kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tàbí tí ó dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èéfín lè padà wọ ibi tí ènìyàn jókòó. Orí a máa fọ́ni, òòyì a máa kọ́ni, èébì a máa gbéni, a ó sì máa sọ pé ìgbì omi ni. Bí ó bá ń ṣe ènìyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé wọn sí ibi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ó sùn nínú ọkọ̀, ẹ jí i wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a tó lọ sí Tarkwa Bay. Ọ̀rẹ́ mi ti pààrọ̀ rọ́bà náà. Ó tan fáànù, ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kùn pé ó ti pẹ́ jù.